Ta Ló Sọ Wọ́n Di Òkúta?

Ẹ̀yìn ìyá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́. Ọmọ náà nawọ́ sí ère kan tó jókòó lápá òsì wa, ìyá rẹ̀ sì gbá ọwọ́ náà dànù. "Má fọwọ́ kàn án! Èèyàn ni wọ́n o." Ọmọ wo ère, ó wo ìyá rẹ̀, ó rọra ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Èmi tí mo ti kà nípa àwọn òkúta wọ̀nyí kí n tó kúrò nílé, tí mo mọ̀ dájú pé wọn kì í ṣe èèyàn, ìgbà tí mo máa wo ara mi, èmi náà ti káwọ́ sẹ́yìn.

Ẹ má dá wa lẹ́bi. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló máa mọ̀. Ìlú Ìgbómìnà ni Ẹ̀sìẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìpínlẹ̀ Kwara. Kò jìnnà sí Òró, kò sì jìnnà sí Òmù-Àrán. Bí o bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ló máa kọjú sí ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ wọn ló jókòó sórí àpótí. Àwọn kan di idà mú, àwọn kan gbé apó ọfà kọ́, àwọn kan mú ohun èlò orin dání. Àwọn mìíràn kàn gbọ́wọ́ lé orúnkún, wọ́n ń wò ọ́ bí àwọn ẹbí ìyàwó ṣe máa ń wo ọkọ tó pẹ́ dé ibi ìdána.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ nìyí, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní àlejò ni wọ́n. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá kí Ẹlẹ́sìẹ́, ọba ìlú náà, wọ́n pọ̀, wọ́n sì múra. Ọba kò gbà wọ́n bí wọ́n ṣe rò pé ó yẹ kí ọba gba irú àwọn. Inú bí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ibi, wọ́n ti mú ohun ìjà dání. Kí wọ́n tó dìde lórí ìjókòó ni Ọlọ́run sọ wọ́n di òkúta. Ẹlòmíràn á sọ fún ọ pé kì í ṣe àlejò, pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, tí wọ́n dìtẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bó ti wù kí wọ́n pa á, ibì kan náà ló ń parí sí: èèyàn ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀, wọ́n di òkúta.

Kí n tó pe ìtàn yìí ní irọ́, mo fẹ́ kọ́kọ́ yìn ín. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ní ojú tó ríran. Ó rí i pé ilà ojú wọn kì í ṣe irú kan ṣoṣo, irun wọn kò sì bára mu, ó wá bi ara rẹ̀ pé níbo ni irú ilà báyìí ti ń pàdé. Níbi tí àlejò bá ti pọ̀ ni. Ó rí i pé wọ́n jókòó, àlejò la sì ń fún ní ìjókòó. Ó rí idà, ó rí ọfà, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjà ti wọ̀ ọ́. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ti kán, orí lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀, ó ní ìyà nìyẹn. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ó ní kò sí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀ ló fi dájọ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń dá ní kóòtù lóde òní kò ní ẹ̀rí tó bẹ́ẹ̀.

Àpótí ni kò wò dáadáa.

Ẹ wo àpótí tí wọ́n jókòó lé. Òkúta kan náà ni òun àti ẹni tó jókòó lé e. Kò sí ojú ìlẹ̀pọ̀ láàárín wọn. Ìdí ń wọ àpótí, àpótí ń wọ ilẹ̀, bí ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo. Bákan náà ni idà àti ọwọ́ tó dì í mú, bákan náà ni fìlà àti orí. Ẹ ó ní Ọlọ́run tó lè sọ èèyàn di òkúta lè sọ àpótí náà di òkúta pẹ̀lú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wọn gíga wọn. Èyí tó kéré jù kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, kò tó ìdajì rúlà tí ọmọ ilé-ìwé ń lò. Èyí tó ga jù fi díẹ̀ lé ní mítà kan, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè dúró tì í kí wọ́n jọ máa wo ojú ara wọn. Àlejò wo ló ga tó ife omi, tó gbéra láti ọ̀nà jíjìn wá bá ọba jà?

Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tàwọn àlejò yìí ti lọ ju igba ọdún lọ, òótọ́ ṣì ń wá ọkọ̀ wọ̀ ní gáréèjì. Ohun tó fà á ni pé ìtàn náà dùn, òkúta kì í sì í sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ òkúta yìí gan-an ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Òkúta ọṣẹ là ń pè é, nítorí bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ tó ti gbẹ. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni talc. Ẹ ti fọwọ́ kan talc rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: òun ni wọ́n ń lọ̀ kúnná di páúdà tí àwọn ìyá ń fi pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Àwọn onímọ̀ òkúta ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, láti 1 dé 10. Dáyámọ́ńdì ló jókòó sórí 10. Talc ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lórí 1. Èékánná ọwọ́ rẹ le jù ú lọ. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń bẹ àlejò pé kó má fọwọ́ ha á. Ìyá ọmọ yẹn kò sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ rẹ̀ tọ̀nà.

Bí òkúta yìí ṣe ń wá sáyé náà yẹ fún àlọ́. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ló ti ń ṣẹlẹ̀. Òkúta mìíràn ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, òkúta dúdú líle tí èròjà magnesium pọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ooru mú un, omi gbígbóná tó gbé silica dání ń gba inú rẹ̀ kọjá, díẹ̀díẹ̀, títí ara rẹ̀ fi yí padà tó sì rọ̀. Ilẹ̀ tiwa, láti Ìgbómìnà títí dé Ifẹ̀ àti Iléṣà, orí àwọn òkúta àtayébáyé tó ti rí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló jókòó lé. Talc wà káàkiri nínú rẹ̀, níbí àti lọ́hùn-ún. Èyí tó wà lágbègbè Àpòmù jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mọ̀ dáadáa. Nítorí náà, a kò lè sọ pé kò sí ohun tó yí padà di òkúta ní Ẹ̀sìẹ́. Ó wà. Òkúta kan ló di òkúta mìíràn, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Ṣé ara èèyàn wá lè di òkúta rárá? Eegun lè dà bẹ́ẹ̀, igi náà lè dà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wà nínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ gan-an, tí omi tó ní èròjà òkúta nínú ń sẹ̀ wọ inú wọn, èròjà yẹn á máa gba ipò ohun tó ń jẹrà, títí ohun tó kù á fi di òkúta tó ní àwòrán eegun tàbí ti igi. Ṣùgbọ́n awọ kì í dúró, ẹran ara kì í dúró, ìdì irun kì í dúró. Ó sì ń pẹ́ ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wú òkú èèyàn kan ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti òní. Onítọ̀hún ti lé ní 10,000 ọdún nínú ilẹ̀. Eegun la bá. Kò jókòó sórí àpótí, kò di idà mú, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó di òkúta lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó lo 10,000 ọdún nínú ilẹ̀ ṣì jẹ́ eegun, àlejò Ẹlẹ́sìẹ́ wá di òkúta láàárín ìṣẹ́jú kan!

Ọjọ́ orí àwọn ère náà ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí kò rọrùn láti bi òkúta ní ọjọ́ orí. Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ kò sí lára rẹ̀. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bí i ló wà níbẹ̀. Ìkòkò lèèyàn ń bi. Amọ̀ tí wọ́n bá ti fi iná sun, ó ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun láti ọjọ́ tó jáde nínú iná. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó agbára kékeré-kékeré pamọ́ sínú, láti ara ilẹ̀ tó yí i ká. Bí wọ́n bá tún gbé e kaná ní ilé àyẹ̀wò, ó máa tú agbára yẹn sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀, tí a bá sì wọn ìmọ́lẹ̀ náà, a ó mọ iye ọdún. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà yẹ ohun alámọ̀ tó jáde níbẹ̀ wò, ó sì tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ìtàn ìlú sọ. Wọ́n ní ọdẹ kan, Baragbọn, ló kọ́kọ́ kàn wọ́n nínú igbó, àwọn tó ṣírò ọdún sì fi í sí nǹkan bí 1775. Ará Ẹ̀sìẹ́ kò sọ rí pé baba àwọn ló gbẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn bá wọn níbẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn òdodo yìí gan-an, nítorí ìlú tó bá bá irú ọrọ̀ báyẹn lóko, tí kò sẹ́ni tó ń jà sí i, á rọrùn fún un láti sọ pé ti baba mi ni. Wọ́n bá a, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n wá ìtàn tó lè gbà á dúró. Irú ère bẹ́ẹ̀ náà tún wà ní Ọ̀fàrò àti Ìjárá, tó fi hàn pé iṣẹ́ yìí ju ìlú kan lọ.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nínú ìtàn àlejò nìyí: ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ẹnì kan wà, tàbí ká sọ pé àwọn kan wà, tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ lọ síbi tí òkúta wà. Wọ́n lù ú, wọ́n fetí sí i, nítorí èyí tó bá ti sán nínú kò ní í jẹ́ kí iṣẹ́ parí. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n gé e dé ìwọ̀n, wọ́n ya orí, wọ́n ya èjìká. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ irun, ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn onídìrí rí mọ̀ pé irun tó wà lórí àwọn ère wọ̀nyí kì í ṣe irun tí wọ́n finú rò. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti wo orí ẹnìkan pẹ́. Ère tó lé ní ẹgbẹ̀rún, bí a bá ka àwọn tó ti kán mọ́ wọn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ọ̀gá á wà níbẹ̀, ọmọṣẹ́ á wà. Mo máa ń wo àwọn kan tí ojú wọn kò dọ́gba, tí ọrùn wọn nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń rò ó pé ọmọṣẹ́ ló ṣe eléyìí, pé ọ̀gá rẹ̀ wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó kàn mí kanlẹ̀.

Gbogbo èyí ni "Ọlọ́run sọ wọ́n di òkúta" gbà lọ. A máa ń ki agbẹ́gilére ní oríkì, a máa ń sọ orúkọ alágbẹ̀dẹ. Àwọn tó gbẹ́ òkúta Ẹ̀sìẹ́ nìkan ni a fi iṣẹ́ wọn ta Ọlọ́run lọ́rẹ, tí a sì ní ìbínú ló fi ṣe é.

Ẹ má rò pé àwọn baba wa nìkan ni wọ́n mọ irú irọ́ yìí pa. Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí alámọ̀, ó rí orí Olókun tí wọ́n fi idẹ rọ, ẹnu yà á, ó sì yẹ kí ẹnu yà á. Ohun tó wá sọ lẹ́yìn náà ni pé kì í ṣe àwọn èèyàn tó ń gbé níbẹ̀ ló lè ṣe irú rẹ̀. Ó ní Atlantis ni, ìyẹn ilẹ̀ inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ó rọrùn fún un láti gbà pé ìlú kan tó rì sínú òkun ló rọ orí yẹn ju kó gbà pé bàbá bàbá ẹni tó ń pọn omi fún un ló rọ ọ́. Ní 1938, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni ilẹ̀ tún pọ orí bàbà àti idẹ mìíràn jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ojú wọn rí bíi ti èèyàn tó ń gbé òpópónà kejì. Ìda ni wọ́n fi ya àwòrán wọn, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda náà dànù, wọ́n da idẹ sí àyè rẹ̀. Atlantis ti tún rì.

Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Baba kan ní Ẹ̀sìẹ́ ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ará Jámánì ní ará ìsàlẹ̀ òkun ló ṣe é. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ gbà ni pé ẹni tó ń gbé ìtòsí kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé baba Ẹ̀sìẹ́ kò di ère kankan sínú àpótí gbé e lọ sí ìlú rẹ̀.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ "òyìnbó ló ṣàwárí wọn ní 1933." Ní ọdún náà, H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé fún ìjọ CMS, dé Ẹ̀sìẹ́, ó rí àwọn ère, ó sì kọ̀wé nípa wọn. Òótọ́ ni, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìwé yẹn ló fà á tí ìjọba fi gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ ìyàwó ṣe ń ṣàwárí ilé àna rẹ̀ ni Ramshaw ṣe ṣàwárí Ẹ̀sìẹ́. Wọ́n ti ń ṣe Ọdún Ère níbẹ̀ kó tó dé, ẹnì kan ló sì mú un dé ìdí wọn.

Wọ́n tún máa ń ní Èkó tàbí Jọ́ọ̀sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Rárá o. Ẹ̀sìẹ́ ni, ní 1945. Ti Jọ́ọ̀sì ṣí ní 1952, ti Ifẹ̀ ní 1954, ti Èkó ní 1957. Ìlú kékeré kan ní Ìgbómìnà ló ṣáájú gbogbo wọn. Ohun tó fà á kò fara sin. Ẹrù náà pọ̀, ó wúwo, ó sì rọrùn láti kán. Àwọn ará ìlú kò sì gbà kó kúrò níbi tó wà. Wọ́n kọ́ ilé wá bá òkúta dípò kí wọ́n gbé òkúta lọ bá ilé. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibi púpọ̀, a kì bá máa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti wo orí àwọn baba wa.

Àbúrò mi kan ló wà mí lọ nígbà kejì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ò wọlé. "Ilé òrìṣà ni, ẹ̀gbọ́n. Mo máa dúró sínú ọkọ̀." Ó ra Fáńtà, ó gbé ìjókòó sẹ́yìn, ó sùn. Ìdajì ohun tó sọ jẹ́ òótọ́, mi ò sì ní fi dù ú. Lára àwọn ère náà, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní ọba wọn, ìlú ní àwòrò tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn, Ọdún Ère sì ṣì wà. Ṣùgbọ́n àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ni kọ́kọ́rọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ilé-ìwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ̀ ọ́, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Kò sí ẹni tó ní kí àlejò kúnlẹ̀. Ilé kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. Lásìkò Ọdún Ère ni orin máa ń dé ibẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù, ìró bàtà àwọn ọmọ ilé-ìwé ni, àti tíṣà tó ń pariwo pé kí wọ́n tò sí ìlà.

Mo ti gbọ́ pé kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n, pé iye tí o bá kà lónìí kọ́ lo máa kà lọ́la. Àwọn ìwé pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́: ẹ ó rí 800 níbì kan, ẹ ó rí ohun tó lé ní 1,000 níbòmíràn. Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ẹ̀mí àìrí. Bí orí kan bá wà níhìn-ín tí ara kan sì wà lọ́hùn-ún, ṣé ẹyọ kan ni àbí méjì? Ìgbà tí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, ṣiṣẹ́ lórí wọn ní àárín àwọn ọdún 1960 sí 1969, apá ńlá nínú iṣẹ́ náà ni kéèyàn mọ orí tó ni ọrùn. Ìwé tó kọ lórí wọn jáde ní 1978. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n ní láti kọ́kọ́ pinnu ohun tó ń kà.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tí wọ́n ń sọ nípa wọn ni mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá jí ère náà gbé á ya wèrè. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2000, ICOM, àjọ àgbáyé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, gbé àkọsílẹ̀ pupa kan jáde fún Áfíríkà: àwọn irú ohun àtijọ́ tí olè ti ń kó jù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà tàbí tà. Iṣẹ́ amọ̀ Nok wà níbẹ̀. Iṣẹ́ amọ̀ àti idẹ Ifẹ̀ wà níbẹ̀. Ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ wà níbẹ̀. A kì í kọ orúkọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò jí sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti 1953 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kí ẹnikẹ́ni má kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde láìgba ìwé àṣẹ, òfin 1979 sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, síbẹ̀ wọ́n ń jáde. Àwọn tó ń rà wọ́n kò ya wèrè. Wọ́n gbé e sórí tábìlì nínú pálọ̀, wọ́n tan iná kékeré sí i lórí.

Mo rò ó títí. Nígbà tí gbogbo ìlú gbà pé èèyàn ni wọ́n, tí ìyá ń gbá ọmọ lọ́wọ́, wọ́n wà nínú igbó láìsí ilẹ̀kùn, láìsí máìgáàdì, wọ́n sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ títí Ramshaw fi dé. Ẹni tó mọ òótọ́, tó mọ̀ pé òkúta lásán ni, tó mọ iye tó ń lọ, òun ló wá gbé e sínú àpò. Mi ò mọ bí màá ṣe fi èyí sínú àkọsílẹ̀ tó ń ya òótọ́ kúrò lára irọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ìyá ọ̀hún pa irọ́, irọ́ náà sì ti ṣọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí mo padà sílé, mo ra ọṣẹ gígùn kan, irú èyí tí wọ́n ń kó fún wa ní kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́ nílé-ìwé pé ká fi gbẹ́ ìjàpá. Ìjàpá tèmi nígbà náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pè é ní búrẹ́dì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó jókòó sórí àpótí ni mo fẹ́ gbẹ́, tó gbọ́wọ́ lé orúnkún, tí ihò sì wà láàárín apá rẹ̀ àti ìhà rẹ̀, bí mo ṣe rí i ní Ẹ̀sìẹ́. Mo lo ọ̀bẹ ìdáná, mo lo ìṣó, mo fi bíi wákàtí méjì jókòó sẹ́yìnkùlé. Orí jáde. Àpótí jáde. Mo wá rọra ki ìṣó bọ abẹ́ apá rẹ̀ láti lu ihò yẹn, apá náà kán mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo gé ọṣẹ mìíràn.